Bí Àgọ́ Ṣe Di Ọ̀yọ́

Bí a bá bi púpọ̀ nínú wa léèrè pé ta ni ó tẹ Ọ̀yọ́ tí ó wà lónìí dó, Àtìbà ni wọn yóò dá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí Àtìbà tó débẹ̀ ni ìletò kan ti wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Àgọ́ Ọ̀jà. Orúkọ jagunjagun tí ó dá a sílẹ̀ ni ìletò náà ń jẹ́.

Àgọ́ ni ibi tí ènìyàn ń sinmi sí kí ó tó tún bọ́ sọ́nà. Orúkọ yìí bá ìgbà náà mu, nítorí ogun ń tú àwọn ìlú apá òkè ká, àwọn tí ó sá àsálà sì ń wọ́ tọ Ọ̀jà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, wà lára àwọn tí ó wá, ó sì di alágbára níbẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Olúewu kú sójú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1836, tí olú-ìlú sì tú, Àtìbà ni oyè kàn. Kò padà sókè. Ó jókòó sí Àgọ́, tí ó fi nǹkan bí 130 kìlómítà jìnnà sí ìlú àwọn baba rẹ̀, ó ní Ọ̀yọ́ ni kí a máa pè é.

Ṣùgbọ́n èrò ni í sọ ìletò di olú-ìlú, Àtìbà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn ìlú àyíká wọlé, ó tan àwọn mìíràn, ó sì fi ipá mú àwọn mìíràn: Akẹ̀ẹ́tàn, Àpáàrà, Ajágbà, Jabata, Òjòǹgbòdú. Ìlú tí ó dá dúró ni wọ́n tẹ́lẹ̀; nígbà tí wọ́n dé Ọ̀yọ́, wọ́n di àdúgbò. Lónìí, Òjòǹgbòdú ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́. Mélòó nínú àwọn tí ó ń lọ gba ìwé níbẹ̀ ni ó mọ̀ pé orúkọ ìlú tí a ṣí nídìí ni wọ́n ń pè?

Àtìbà fi Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ní Ìjàyè jẹ Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò. Gbígbà tí àwọn alágbára méjèèjì gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó mú kí orúkọ tuntun náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Oyè Aṣípa ni ó fún ìdílé Ọ̀jà. Àwọn kan ń yìn ín fún èyí, oyè náà sì tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àlejò ni ó fi onílé joyè.

Ìlú àtijọ́ pàápàá kò bọ́ nínú ìyípadà orúkọ. Nígbà tí Clapperton débẹ̀ ní 1826, Kàtúngà tí àwọn Haúsá ń pè é ni ó kọ sílẹ̀. Ọ̀yọ́ lásán ni àwọn tí ó ni ín ń pè é. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ kejì wà ni ti àkọ́kọ́ tó di Ọ̀yọ́-Ilé. Igbó ti bò ó báyìí, ó sì wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ tuntun yìí. Nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Àgọ́-d'Ọ̀yọ́ ni ó pè é. Àgọ́ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ.