Ó Tàn, Kò Jí: Èdè Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà láti Niamey dé Ìkẹjà

Ní oṣù Keje ọdún 1978, àjọ UNESCO kó àwọn onímọ̀ èdè jọ sí Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí álífábẹ́ẹ̀tì tí àwọn èdè Áfíríkà yóò jọ máa lò. Lẹ́tà 57 ni ìròyìn ìpàdé náà gbé jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, tòun ti ńlá àti kékeré rẹ̀. Nínú ìròyìn ti èdè Faransé, lẹ́tà kékeré nìkan ni wọ́n fọwọ́ kọ, ibi tí ti Gẹ̀ẹ́sì sì falà sí nísàlẹ̀ àwọn lẹ́tà kan, àmì kíkán ni ti Faransé fi síbẹ̀. Ìpàdé kan náà, ìròyìn méjì tí kò bára dọ́gba. Nígbà tó di 1984, Michael Mann àti David Dalby ya àtẹ ìtẹ̀wé kan fún irú álífábẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Niamey pè é. Ẹni tó bá wá a lọ sọ́jà lónìí kò ní rí i rà.

Láti ìgbà náà, bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ Yorùbá àti kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ lẹ́tà la máa ń sọ: báwo la ó ṣe tẹ ẹ, ọ àti ṣ, báwo la ó ṣe fàmì sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní láti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ká tó tẹ ohunkóhun, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, èdè wo la ó fi sọ ohun tó ń ṣe é? Èrò tèmi ni pé orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ máa wá kiri. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ ká kọ́kọ́ tò: ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, ohun tó kọ̀ tí kò ṣe, àti ohun tí àwa yóò ṣe sí i ká lè mọ ìdí.

Niamey dára láti dán èrò yìí wò. Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ lè fi Haúsá tàbí Zarma nájà, kó fi Faransé ka ìwé ìjọba, kó sì sọ Yorùbá bó bá délé. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, Haúsá ti di èdè orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ èdè iṣẹ́. Bí ọmọ Yorùbá kan níbẹ̀ bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní motherboard l'Ékòó, carte mère ni yóò gbọ́. RAM di mémoire vive, power supply di alimentation. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò. Bátìrì, wáyà, fáànù àti bọ́tìnnì ti di tiwa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àyálò Gẹ̀ẹ́sì àti àyálò Faransé kì í pàdé lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Niamey tó ṣẹ̀ṣẹ̀ to kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tán. Ó tẹ bọ́tìnnì, ojú ẹ̀rọ dúdú. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà yìí ti kú."

"Ó kú báwo? Ṣé kò tàn rárá ni, àbí ó tàn tán ló wá kú?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mi ò rí nǹkan kan lójú ẹ̀."

"Fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ ná. Fáànù ńkọ́? Ṣé ó ń yí?"

"Ó ń yí dáadáa, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe òkú. Ó tàn, kò jí ni."

Ẹ wo iṣẹ́ tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe. Ẹrù tí a dì lé kú lórí ti pọ̀ jù: fóònù kú, iná kú, mọ́tò kú, bátìrì kú. Ẹni tó ní "ó ti kú" ti túfọ̀, kò tíì sọ àìsàn. Ẹ̀gbọ́n yìí ya títàn sọ́tọ̀ kúrò lára jíjí, ọ̀pọ̀ ohun tí ì bá máa fura sí sì bọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi méjì kún un, ó di mẹ́rin: kò tàn; ó tàn, kò jí; ó jí, kò lajú; ó lajú, kò gbéra. Bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe ń tò ó nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ pátákó òde òní, iná wíńwíńní mẹ́rin ló wà, tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí nídìí. Èyí tó bá tàn tó kọ̀ tí kò paná ni ibi tí iṣẹ́ dúró sí. Méjì àkọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ jíjí, ẹ̀kẹta sábẹ́ lílajú, ẹ̀kẹrin sábẹ́ gbígbéra.

Bí kò bá tàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé iná wà. L'Ékòó, NEPA ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń bá wí, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ NEPA ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2005. Ní Niamey, NIGELEC ni. Iná méjèèjì sì bára wọn tan, torí wáyà alágbára tó ti Birnin Kebbi wá ni Niamey fi ń gba iná Nàìjíríà. Nígbà tí Nàìjíríà gé e ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, kọ̀ǹpútà tí kò tàn ní Niamey lásìkò yẹn kò jẹ̀bi ohunkóhun. Lẹ́yìn iná, ó kan púlọ́ọ̀gì: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti Nàìjíríà kì í wọ ihò róbótó méjì tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Lẹ́yìn náà ni súwíìṣì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí wọ́n kọ I àti O sí: I ni títàn, O ni pípa. Àwọn tó kọ́kọ́ ń to ẹ̀rọ a máa tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí wọ́n tó rántí O yìí.

Orúkọ wo ni ká wá pe àpótí tó ń gba iná ògiri, tó ń sọ ọ́ di fóòtì 12, 5 àti 3.3? Faransé pè é ní ohun tó ń bọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì lè ní "apínná", ṣùgbọ́n lórí fóònù tí kò já geere, apínná àti apaná kò jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ń pín iná, èkejì ń pa á. Àpótí iná ni mo yàn. Kò ní ẹwà kankan, ṣùgbọ́n kì í ṣini lọ́nà.

Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan wọ̀ lára: méjèèjì pè é ní ìyá. Bí a bá ní "pátákó ìyá", ó dà bí ẹni pé ìyá ẹnì kan ló ni pátákó. Àwọn onílù ti fi ọ̀nà hàn wá: ìyá ìlù ló ń ṣíwájú, omele ń tẹ̀ lé e. Ìyá pátákó nígbà náà ni. Àwọn pátákó kéékèèké tó ń wọ̀ ọ́ lára, irú káàdì àwòrán, jẹ́ omele. Ẹni tó gbọ́ ọ ní Kútọnu, ní Niamey tàbí ní Ìkẹjà á mọ èyí tí a ń wí.

Ìyá pátákó yìí ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì. Láti ìgbà tí Intel ti gbé ìlànà ATX jáde ní 1995, bọ́tìnnì iwájú kì í ṣe ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá mọ́. Iṣẹ́ ló ń jẹ́: ó ń sọ fún ìyá pátákó, ìyá pátákó á wá ké sí àpótí iná. Bí wáyà tín-ín-rín ti bọ́tìnnì kò bá wọ orí abẹ́rẹ́ méjì tó tọ́ sí i, ẹ̀rọ kò gbọ́ pé wọ́n pe òun. A lè fi ẹnu súkúrúdíráfà kan abẹ́rẹ́ méjèèjì pọ̀ fìrí. Bó bá tàn, wáyà tàbí bọ́tìnnì ló lẹ̀bi.

Ó tàn, kò jí ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Okùn oníhò 24 ń bọ́ ìyá pátákó, ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹ̀rọ ní okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, oníhò 8, tó sábà máa ń wà ní kọ̀rọ̀ òkè níbi tí ọwọ́ kì í tètè dé. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, fáànù á máa yí, ọpọlọ kò ní jí. Ọpọlọ ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún RAM, ìrántí ni a sábà ń rí nínú ìwé. Iyè tẹ́ mi lọ́rùn jù. Iyè la fi ń rántí nǹkan, iyè sì máa ń ra. Ti RAM máa ń ra pátápátá bí iná bá ti lọ. Àmọ́ ká má kọ ọ́ láìfàmì sí i, torí ohùn orí lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló yà á sọ́tọ̀ sí ìyè tí a fi ń wà láàyè.

Bí a bá fi iyè sí ihò, ká tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún kọ̀. Bó bá jẹ́ méjì, ká yọ ọ̀kan. Pátákó oníhò mẹ́rin sábà máa ń fẹ́ kí ẹyọ kan wọ ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ. Iyè irú DDR5 ní ìwà kan tó ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn: ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, torí ìyá pátákó ń wọn bí òun àti iyè náà yóò ṣe máa yára bára sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á pa á, á tún un tàn, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Yorùbá kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun fún èyí: ó ń jí lọ́wọ́. Ẹnì kan lè ní jí tún jẹ́ iṣẹ́ olè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olè ń jí nǹkan. Kọ̀ǹpútà tó jí kò jí nǹkan kan.

Ẹ̀rọ tí kò jí lè fi ohùn sọ ìdí rẹ̀. Lórí IBM PC tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, bó bá yẹ ara rẹ̀ wò tán tó sì dún ṣókí lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ yá nìyẹn. Àrokò ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Ẹni tí wọ́n fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí láyé àtijọ́ gbọ́ ẹ̀fà, ó sì mọ̀ pé ọkàn ẹnì kan fà sí òun. Iye owó ni ọ̀rọ̀. Iye dídún ẹ̀rọ, gígùn rẹ̀ àti kíkúrú rẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ọwọ́ iléeṣẹ́ kan sí èkejì, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká sọ ìwé kékeré inú páálí nù.

Bó bá jí tí kò lajú, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà ojú kọ̀ǹpútà wọ̀. Bó bá ní káàdì àwòrán, ara káàdì ló yẹ kó wà, kì í ṣe ara ìyá pátákó. Ọpọlọ Intel tí wọ́n kọ F sí nídìí orúkọ kò lè ya àwòrán fúnra rẹ̀. Láìsí káàdì, ojú kò ní là. Bó bá lajú tí kò gbéra, ó ti ń fi ọ̀rọ̀ hàn lójú pé òun kò rí ètò tí òun yóò gbé dìde, Windows tàbí Linux. Ẹ fi í sí i. Boot tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ wá láti inú ìtàn ẹni tó di okùn bàtà ara rẹ̀ mú tó sì fi fa ara rẹ̀ sókè. Kò sídìí láti gbé bàtà wọ inú Yorùbá: gbé àti ara ló di gbéra.

Iṣẹ́ wíwá ìdí gan-an ńkọ́? Àwọn atúmọ̀ máa ń ní "yíyanjú ìṣòro", ṣùgbọ́n a kò tíì dé orí yíyanjú nígbà tí a kò mọ ibi tó kù sí. Ẹ gbọ́ bí oníṣẹ́ ṣe ń sọ ọ́: yọ ọ́ wò, pààrọ̀ ẹ̀ wò, tẹ̀ ẹ́ wò, fi òmíràn wò, tan án wò. Ìlànà iṣẹ́ náà wà nínú wò: ṣe ohun kan ṣoṣo, kí o sì wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí o tó ṣe òmíràn. Àyẹ̀wò tó fún gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀, wò sì wà nínú òun náà. Fún ọ̀nà tí a fi ń tú ẹ̀rọ jáde sórí páálí, tí a ó ṣẹ́ ku ìyá pátákó, ọpọlọ, iyè ẹyọ kan àti àpótí iná, mo dábàá yọ-ọ́-wò. Bó bá jí lórí páálí tí kò jí nínú àpótí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yìn pátákó máa kan irin. Kí ẹni tó ń ṣe é ní Niamey nígbà ọyẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara àpótí ná: iná tó ń ta pàràpàrà lára aṣọ ọ̀rá lásìkò yẹn lè ba iyè jẹ́. Iná ọyẹ́ ni mo ń pè é.

Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní ìwé èdè-ìperí Yorùbá, àkójọ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ èdè. Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti apá kejì ní 1990. Àpólà àti ọ̀rọ̀-ìṣe jókòó ti fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì nínú ẹ̀kọ́ èdè wa lónìí, ẹnikẹ́ni kò bá àyálò jà, torí olùkọ́ ń lò wọ́n lójoojúmọ́ níwájú ọmọ. Kọ̀ǹpútà náà ti ní orúkọ tó dùn, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, ṣùgbọ́n àṣá kò ní ohun kan láti sọ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kò tàn. Ẹni tó bá máa ṣe àkójọ tó kàn, ìbáà jẹ́ yunifásítì, ìbáà jẹ́ CELHTO, iléeṣẹ́ ìmọ̀ èdè àti ìtàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tó wà ní Niamey, kó lọ gba gbólóhùn lẹ́nu àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe, kó tó máa to orúkọ. Kó wá fi ẹni méjì dán an wò lórí fóònù, láìsí fọ́tò: ọ̀kan ní Niamey, ọ̀kan ní Ìkẹjà. Èyí tó bá mú ọwọ́ ẹni ọ̀hún dé ibi tó kù sí, ká fi sínú ìwé. Èyí tí kò bá mú un débẹ̀, bó ti wù kó dùn tó, ká yọ ọ́ wò.