Ọtí Nínú Agbo Ilé

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kọjá ti ọ̀mùtí fúnra rẹ̀. Ó kan aya, àbúrò àti ọmọ rẹ̀, tí àwọn náà ti ń mu.

Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fohùn ṣọ̀kan ní Brussels láti dènà ọtí líle ní apá Áfíríkà tí kò tíì gbilẹ̀ sí. Lórí àdéhùn yìí ni Lugard dúró tó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọtí líle ní Àríwá lẹ́yìn 1900. Kò kan búrùkùtù tí a fi ọkà bàbà pọn. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ń ṣọ́ ibodè kò lè ṣọ́ inú yàrá. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Kristẹni kó lọ sí gúúsù odò Kaduna; bí ẹnìkan nínú àwọn tó kù bá fẹ́ mu, inú yàrá ni yóò ti mu ún, lójú ọmọ.

Àwọn àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Ireland wà lára àwọn tó tọ́ ìjọ wa dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn, John McCarthy, di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà àkọ́kọ́ ní Kaduna ní 1959. Ilẹ̀ tiwọn mọ ìṣòro yìí dunjú.

Ní Dublin ni a bí Matt Talbot ní 1856. Bàbá rẹ̀ ń mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn arákùnrin rẹ̀ náà di ọ̀mùtí. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ọtí, kò sì pẹ́ tó fi ń yó wálé. Bàbá nà án, ó sì mú un lọ sí ibi iṣẹ́ tirẹ̀ ní èbúté, níbi tí wọ́n ń kó wisikí pamọ́ sí! (Ẹ gbọ́, ṣé ìbáwí nìyẹn?) Matt jí gòjé olórin ìgboro kan, ó tà á, ó fi owó rẹ̀ mutí.

Ní 1884, ó dúró níwájú ilé ọtí láìní kọ́bọ̀. Àwọn tó ti ń ra ọtí fún kọjá lára rẹ̀. Ó yíjú padà sílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ìyá kìlọ̀ pé kí ó má jẹ́ ẹ àfi bí yóò bá pa á mọ́. Oṣù 3 ni ó kọ́kọ́ jẹ́ níwájú àlùfáà. Ó pa á mọ́ títí ó fi kú ní 1925. Nígbà tí bàbá kú, yàrá Matt ni ìyá náà wá gbé, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1915.