Ìbùba

Ìbùba ni ibi tí ọdẹ tàbí jagunjagun sá pamọ́ sí, tí ó ti ń ba de ẹran tàbí ọ̀tá. Gídígbò, ìyẹn ìjàkadì, kò fara sin ní tirẹ̀: gbangba ni wọ́n ti ń jà á, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni wọ́n dá.

Nínú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí ó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ìbùba àti gídígbò pàdé. Nínú òfin ọdún 2014, ẹni tí a gbá mú bíi ti gídígbò kò lè kúrò lójú kan. Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ẹran ìbùba. Àmọ́ bí ọ̀rẹ́ olè, irú akọni kan nínú eré náà, bá wà nítòsí ẹni tí a gbá mú náà, láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5, olè lè fi ọ̀bẹ ṣá a bí ẹni tó ba dè é, kí ọgbẹ́ náà sì jù bó ti yẹ lọ, kódà lójúkorojú! Ìbùba wo nìyẹn? Ẹni méjì ló ń lu ẹnì kan.