Hope Waddell: Ilé ẹ̀kọ́ Calabar tó ti ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́ láti 1895, kí ló dé tí gègé fi borí òòlù?

Lónìí, gbogbo ìjọba tó bá dé ní Nàìjíríà ló ń sọ pé kí ọ̀dọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun.

Lọ́dún 1895, ìjọ United Presbyterian ti Scotland dá Hope Waddell Training Institution sílẹ̀ ní Calabar. Orúkọ Hope Masterton Waddell, míṣọ́nnárì tó dé ìlú náà lọ́dún 1846, ni wọ́n fi sọ ọ́. Mary Slessor, ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ̀ pé ó gbógun ti pípa ìbejì, wà lára àwọn tó rọ ìjọ náà pé ìwé nìkan kò tó.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?

Iṣẹ́ káfíńtà, aṣọ rírán, ìwé títẹ̀ àti búrẹ́dì ṣíṣe wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé kíkà. Ẹni tó bá jáde yóò mọ ìwé, yóò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Báwo ni gègé ṣe borí?

Calabar ni olú ìlú Gúúsù Nàìjíríà títí di 1906. Ìjọba amúnisìn àti àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń wá akọ̀wé, owó oṣù akọ̀wé sì dájú. Nnamdi Azikiwe pàápàá, tó kàwé ní Hope Waddell, ṣe akọ̀wé ìjọba l'Ékòó kó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di ààrẹ lọ́dún 1963.

Lọ́dún 1982, ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dá iṣẹ́ ọwọ́ padà sí kíláàsì. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú àpótí ni ẹ̀rọ tí ìjọba rà wà tó fi dípẹtà: kò sí olùkọ́, kò sí iná. Ìjọba dá àjọ NDE sílẹ̀ lọ́dún 1986 láti fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́. NABTEB, tó ń ṣèdánwò fún ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tẹ̀lé e lọ́dún 1992.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ̀rọ kì í kọ́ni níṣẹ́, ọ̀gá ló ń kọ́ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń díye lé iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń mú àdéhùn ṣẹ. Ìwé ẹ̀rí nìkan kò lè ṣe èyí.

Ìbéèrè tó kù wà lọ́wọ́ òbí: ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà yangàn bíi ti èyí tó wọ yunifásítì?