Ìwé Owó Méjì, Gẹdú Kan: Àfiwé Iye Owó Ọjà Igi Nàìjíríà àti ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Orúkọ Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tó fara ti èbúté Àpápá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté ló fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan òwò igi, ibi tí ajé náà gúnlẹ̀ sí gba àyẹ̀wò.

Ọdún 1926 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá. Gẹdú wà lára ẹrù tó ń gba ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sàpẹ̀lẹ́ náà ní ìpín tirẹ̀: ìrókò, ọ̀gànwó, àrẹ̀rẹ̀. (Àwọn òyìnbó tó ń rà á kò tilẹ̀ yí orúkọ ìrókò padà.)

Nínú ìwé Nàìjíríà, iye tí gẹdú jẹ́ nígbà tó wọ inú ọkọ̀ tán ni wọ́n ń kọ. Nínú ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò kún un. Nítorí náà ni gẹdú kan náà ṣe máa ń wọ́n ní Liverpool ju ti Àpápá lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni parọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ pe gbogbo ìyàtọ̀ yìí ní èrè oníṣòwò.

Bí Nàìjíríà bá ń ra bébà àti àga wọlé, òun náà ń ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ìwé ìgbéwọlé méjèèjì ṣeé fi wéra nígbà náà. Ohun tí wọn kò fi hàn ni ẹni tó ń gba owó ọkọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ti Liverpool ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù àlọ àti àbọ̀. Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1959; wọ́n tú u ká ní 1995.

Ní 1976, ìjọba fi òfin de gbígbé gẹdú jáde, kí igi lè kù fún àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé. Ilé-iṣẹ́ bébà ti wà ní Jẹ́bà láti 1969, ti Oku Iboku sì bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ọdún 1986 yìí kan náà ni iye náírà já wálẹ̀ gidigidi. Ilé-iṣẹ́ tó gbójú lé èròjà òkèèrè kò lè gbèrú nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, bébà ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé sì tún di ohun tí à ń dúró dè ní Àpápá. Láti ìgbà náà, iye owó ìgbéwọlé ní náírà lè ga fíofío nígbà tí bébà fúnra rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ìwọ̀n tọ́ọ̀nù ni ó yẹ kí olùkọ́ wò pẹ̀lú rẹ̀.

Òfin 1976 kò dí gbogbo ọ̀nà. Ní 2017, àjọ Environmental Investigation Agency ròyìn pé gẹdú kosso tó lé ní mílíọ̀nù kan ti ti Nàìjíríà dé China. Iye owó rẹ̀ hàn nínú ìwé ìgbéwọlé China, nígbà tí òfin Nàìjíríà kò gbà kí ìtì igi kan kúrò nílẹ̀. Ní 2018, àjọ CITES ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dá ríra kosso Nàìjíríà dúró.