Idán Eégún àti Àpótí Onídán

Bí ọ̀rọ̀ bá kan idán, àwọn ọmọ tí a bí sí Accra níbí a máa bi wá pé: "Ṣé òògùn ni, àbí wọ́n kàn ń dì wá lójú?" Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn, nítorí owó àwọn kan nínú wa ti bá àìmọ̀ yìí lọ.

Ọ̀yọ́ Ilé ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn eégún apidán, tí à ń pè ní alárìnjó, ti ń ṣeré fún Aláàfin. Ìdílé Ológbojò ni ìtàn so eré náà mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, wo eré náà ní ààfin, ìròyìn rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ní 1829. Àwọn kan kọ́kọ́ jó, wọ́n ta òkìtì nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni òjòlá kan yọ jáde, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Ó ń la ẹnu, ó ń gbórí sókè, títí ọkùnrin kan fi fi idà ṣẹ́gun rẹ̀. Níkẹyìn, aṣọ ṣí kúrò lára eégún kan, òyìnbó ni ó jáde: ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fa áṣáà símú, ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Inú àwọn ará ìlú dùn gan-an.

Kí ni wọ́n fi ṣe é? Aṣọ, igi àti ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀kú idán a máa ní inú àti òde tí ó yàtọ̀ síra. Bí apidán bá ti ń yí, yóò yí inú rẹ̀ síta, ohun tí a rí tẹ́lẹ̀ yóò pòórá, òmíràn yóò dé. Ìlù àti orin ni yóò gba ojú àti etí wa ní àkókò náà. Awo ìdílé ni, nítorí oúnjẹ wọn ni.

Òyìnbó náà ní tiwọn. Ní 1856, ìjọba Faransé rán onídán wọn, Robert-Houdin, lọ sí Àlùjẹ́ríà. Ó gbé àpótí kékeré kan sórí ìtàgé, ó ní òun yóò gba agbára lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà fà á títí, àpótí kò kúrò lójú kan. Irin wà nísàlẹ̀ àpótí náà, mágnẹ́ẹ̀tì oníná mànàmáná sì wà lábẹ́ pátákó. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rù agbára Faransé ni. Wọn kò pè é ní eré mọ́.

Professor Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn tí a bí ní 1941, pè é ní eré. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Lady Peller, jọ ń pidán lórí ìtàgé. A ra tíkẹ́ẹ̀tì, a wò ó, a padà sílé. Àwọn apànìyàn ni wọ́n pa á ní Èkó ní 1997.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé àpótí wọ yàrá rẹ, tí ó ní òun yóò sọ owó rẹ di ìlọ́po méjì, gbájú-ẹ̀ ni. Àpótí onísàlẹ̀ méjì ni: owó rẹ wọ ìsàlẹ̀ lọ, bébà ni ìwọ yóò bá lókè. Nínú ẹgbẹ́ wa, a ti rí ẹni tí owó èésú ọdún kan bá irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ, títí wọ́n fi lé ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé nítorí owó. Bí ó bá ti sọ fún wa ní kíákíá, à bá ti dá owó jọ fún ọmọ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀kú bàbá yín ṣì wà nílé, ẹ má ṣe tà á. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ pé ọgbọ́n ọwọ́ ni àwọn baba wa fi ń dá wa lára yá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé àpótí owó dé, ẹ wá bá wa kí ẹ tó kó owó sílẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Àṣẹ.