Ẹnu Wáyà Kan fún Gbogbo Fóònù: Bí Òfin Ṣe Parí Ìjà Ṣájà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi bí ẹni pé òwe yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù sọ di òfin: ẹnu ṣájà Nokia kò wọ ihò Samsung, ti Motorola kò sì wọ ti Sony Ericsson. Ẹni tó bá pààrọ̀ fóònù ní láti pààrọ̀ ṣájà pẹ̀lú. Ti àtijọ́ a sì di ìdọ̀tí.

Ní 1996 ni àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí Intel wà lára wọn, gbé USB jáde, kí oríṣiríṣi ihò tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà lè di ẹyọ kan. Bí ẹ̀rọ ti ń kéré sí i ni ẹnu wáyà náà ń kéré: Mini-USB dé ní 2000, Micro-USB sì tẹ̀lé e ní 2007.

Ní 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti tọwọ́ bọ̀wé pé Micro-USB ni wọn yóò máa lò. Apple náà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni, kì í ṣe òfin, ó sì fàyè gba ẹni tó bá ń ta ohun ìsopọ̀ tí yóò mú wáyà náà bá fóònù rẹ̀ mu. Nígbà tó di 2012, Apple gbé Lightning tirẹ̀ jáde.

Ní 2014 ni USB-C dé. Kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Bí a bá ṣe kì í bọ ihò ni yóò wọlé. Ó ń gbé iná, dátà àti àwòrán pọ̀.

Yúróòpù kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn ṣájà tí a kò lò tàbí tí a dà nù ń di nǹkan bí tọ́ọ̀nù 11,000 ìdọ̀tí lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, 2022, aṣòfin 602 fọwọ́ sí òfin USB-C. 13 péré ló ta kò ó. Apple ti kìlọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò dí ọgbọ́n tuntun lọ́wọ́, síbẹ̀ iPhone 15 jáde pẹ̀lú USB-C ní 2023, kí òfin náà tó múlẹ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, 2024. Ẹni tó ra fóònù yìí ní Èkó náà jẹ nínú àǹfààní òfin tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù.

Ìbẹ̀rù pé ẹnu wáyà tó dára jù lè dé lọ́la kì í ṣe asán, òfin náà sì fàyè sílẹ̀ fún àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí fi hàn pé àdéhùn tí kò ní ìjìyà nínú kì í de alágbára.